"That", "or not", "but": èwo ni ká fi sílẹ̀, èwo ni ká yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tà ọ́fíìsì?

Akọ̀wé CDA, Ọbáńtokò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí Gẹ̀ẹ́sì yé. CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa gọ́tà tó wó ní oríta àti tiransifọ́mà tó jó. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní ká yọ gbogbo "that" dànù kí lẹ́tà má baà gùn. Àwọn kan ní lẹ́tà tí "that" ò bá pọ̀ nínú ẹ̀, lẹ́tà ọmọdé ni. Gbólóhùn mẹ́fà tó dá wàhálà sílẹ̀ rèé, mo fi nọ́ńbà sí i kó lè rọrùn láti tọ́ka sí:

1. "We wish to inform you that the drain at the junction has collapsed."
2. "The engineer said on Monday the repair would begin."
3. "The residents understand the contract has expired."
4. "The chairman stated that the levy had been paid and the receipts were attached."
5. "We do not know whether or not the transformer will be replaced."
6. "Although we have written three times, but no reply has been received."

Èwo ni ká fọwọ́ kàn, kí sì nìdí? Ìdí gan-an ni mo ń wá, torí àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ò ní gbà bí mo bá kàn ní "wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni".

Tíṣà Ìbarà

Ẹ kúuṣẹ́, akọ̀wé. Ìhà méjèèjì tó ń jà nínú ìgbìmọ̀ yín ló ṣì í. Gígùn lẹ́tà kọ́ lọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti pé ó dún bí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹni tó máa kà á ni kí ẹ wò. Nígbà tó bá ka gbólóhùn dé ìdajì, ṣé ohun tó ti gbà sọ́kàn bá ohun tí ẹ fẹ́ sọ mu? Tó bá ṣeé ṣe kó ti ṣìnà kó tó dé òpin, ẹ fi "that" síbẹ̀. Tí kò bá sí bó ṣe fẹ́ ṣìnà, ẹ lè yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà 3 dán an wò. Ẹ fọwọ́ bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn "the contract". Ohun tó ṣẹ́ kù ni "The residents understand the contract". Gbólóhùn tó dá dúró nìyẹn: àwọn ará àdúgbò ka ìwé àdéhùn, ó sì yé wọn. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ á ti gba ìyẹn sọ́kàn kó tó kan "has expired", á wá padà sẹ́yìn lọ tún un kà. Bí lẹ́tà bá ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ márùn-ún, á sú u. "The residents understand that the contract has expired": ó tán.

Èyí tó le ju ìyẹn lọ ni "The council maintains the road is safe". Ẹ bo "is safe" kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹ ti yin ìjọba pé wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀sùn lẹ fẹ́ fi kàn wọ́n pé wọ́n ń takú pé ọ̀nà dára.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń dá irú ọ̀fìn yìí sílẹ̀ ni àwọn tó lè gba ọ̀rọ̀ orúkọ lásán gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ (object), tí wọ́n sì tún lè gba odindi gbólóhùn: understand, know, find, hear, see, read, accept, believe, remember, confirm, discover, acknowledge, maintain, propose, doubt. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, ẹ fi "that" sílẹ̀ nínú ìwé ọ́fíìsì, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ló tẹ̀ lé e.

"Think" àti "hope" ò rí bẹ́ẹ̀. "We think the fee is too high": ẹ bo "is too high", "We think the fee" ò já mọ́ nǹkan kan. Òǹkàwé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀. Yíyọ ibẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣi gbólóhùn kà: àwọn ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. "We know he has paid" kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, torí tó bá jẹ́ àbọ̀ ni, "him" ni ì bá jẹ́. I, he, she, we, they, gbogbo wọn ló ń fi ara wọn hàn pé olùwà (subject) làwọn. "It" àti "you" ni kò ní àmì yẹn, torí ìrísí wọn ò yí padà bóyá olùwà ni wọ́n tàbí àbọ̀. Nítorí náà "We believe they are aware" lè dúró láìsí "that", ṣùgbọ́n "We believe you and your officers are aware" á dáa jù pẹ̀lú "that".

Oníròyìn Kútọ̀

Tíṣà ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n lójú tèmi nọ́ńbà 2 ló léwu jù, torí ọjọ́ wà nínú ẹ̀. "The engineer said on Monday the repair would begin." Ṣé ọjọ́ Ajé ni ẹnjiníà sọ̀rọ̀ ni, àbí ọjọ́ Ajé niṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ àkókò yẹn dúró sí agbedeméjì, ó lè lọ sápá òsì, ó lè lọ sápá ọ̀tún. Bó bá di ìjà lọ́la, ẹnì kan á ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ Ajé niṣẹ́.

Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀: "The engineer said on Monday that the repair would begin."
Ọjọ́ iṣẹ́: "The engineer said that the repair would begin on Monday."

Ọ̀rọ̀ bíi yesterday, last week, in writing, at the meeting, again, tí wọ́n bá ti wọ àárín ọ̀rọ̀ ìṣe àti ohun tí wọ́n sọ, "that" ni kó pààlà. "The contractor agreed in writing the balance was due" á di "agreed in writing that the balance was due".

Àwa tó ń kọ ìròyìn la máa ń yọ "that" jù, torí àyè ò tó. Ṣùgbọ́n ìlànà ìkọ̀wé ilé-iṣẹ́ ìròyìn AP (Associated Press) pàápàá, tí ọ̀pọ̀ oníròyìn Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, ní kí wọ́n fi "that" sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àkókò bá wà láàárín. Ó tún ka àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe kan sílẹ̀ tí "that" kì í sábà kúrò lẹ́yìn wọn: advocate, assert, contend, declare, estimate, make clear, point out, propose, state. Ó ní kí wọ́n tún fi sílẹ̀ bí ohun tó kàn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú although, because, before, after, until tàbí while. Tí àwọn tó ń ṣahun ọ̀rọ̀ bá lè fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ló wá dé tí lẹ́tà CDA ò ní fi sílẹ̀?

Mọ́mì Aké

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí Kútọ̀ mú wá nípa "although" yẹn, ó ní àrùn kan tó ń tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ kí akọ̀wé ṣọ́ra fún un. Ẹni tó bá kọ "The engineer said that although the drain was new, the slab was too thin" ti kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ àárín yẹn bá gùn, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé pé àwọn ti kọ "that" lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún kọ òmíràn: "The engineer said that although the drain was new and the council had paid for it in full, that the slab was too thin." "That" kejì yẹn, ẹ ká a kúrò. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan, ohun kan tó sọ, "that" kan.

Kọ́mà náà kì í wà ṣáájú "that" yìí. "We observed, that the drain is blocked" kò tọ́. Ó dà bíi pé kò sí èyí tó pọ̀ tó o nínú lẹ́tà àdúgbò.

Nọ́ńbà 1: ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń dárúkọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tí a ń sọ, inform, notify, remind, assure, convince, a kì í yọ "that" lẹ́yìn wọn nínú ìwé. "Tell" nìkan ló gba gbẹ̀rẹ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ "that" rárá, "of" ni ẹ máa lò, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ orúkọ tẹ̀ lé e: "inform you of the collapse of the drain". Èwo nínú méjèèjì ló dáa jù? Èmi á yọ odindi "We wish to inform you that" dànù bí àkọlé lẹ́tà bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà, kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The drain at the junction has collapsed." Bí àwọn àgbà bá ní ọ̀wọ̀ ò sí nínú ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Kì í ṣe kí ìpínrọ̀ mẹ́rin tò tẹ̀ léra, kí gbogbo wọn máa "wish to inform".

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ìpínrọ̀ tí ẹ ó ti tọrọ nǹkan, torí kò sí nínú mẹ́fà yín, bẹ́ẹ̀ òun ni ìdí tí ẹ fi ń kọ̀wé. Request, recommend, demand, direct, resolve, insist: lẹ́yìn wọn, "that" gbọ́dọ̀ wà, ọ̀rọ̀ ìṣe tó kàn á sì wà ní ìhòòhò, láìsí "s" nídìí. "We request that the council clear the drain." Kì í ṣe "clears". "It was resolved that the levy be increased." Kì í ṣe "is increased".

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tí "that" bá kúrò: "The committee recommended the treasurer be removed." Kí òǹkàwé tó dé "be removed", ó ti gbà pé wọ́n ń gbórí yìn fún akápò. Ìyìn ti di ìyọnípò láàárín ọ̀rọ̀ méjì.

"Insist" ní ojú méjì. "We insist that the contractor is on site" túmọ̀ sí pé a dúró lórí ọ̀rọ̀ wa, kọngílá wà níbẹ̀. "We insist that the contractor be on site" túmọ̀ sí pé dandan ni kó wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí, èkejì jẹ́ àṣẹ. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú mínítì ìpàdé.

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ ṣé mà. Nọ́ńbà 4 wá kàn mí. "The chairman stated that the levy had been paid and the receipts were attached." Ta ló ní rìsíìtì wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ alága ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin akọ̀wé lẹ ń sọ fún ìjọba pé ẹ so rìsíìtì mọ́ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn, alága ò dá sí i. Gbólóhùn yín gba ìtumọ̀ méjèèjì.

Tó bá jẹ́ alága: "stated that the levy had been paid and that the receipts were attached". "That" kejì yẹn ló so rìsíìtì mọ́ ẹnu alága. Kò dà bí "that" kejì tí Mọ́mì ní ká ká kúrò o: ti ibẹ̀ yẹn jẹ́ àtúnsọ ohun kan ṣoṣo, tibí jẹ́ ohun kejì tó sọ. Tó bá jẹ́ tiyín: ẹ gé gbólóhùn sí méjì. "The chairman stated that the levy had been paid. The receipts are attached." Bí ohun tí ẹnì kan sọ bá tó mẹ́ta, "that" mẹ́ta ni, ojú kì í tini.

Níbi tí ẹ ti máa rí i tó le jù ni ìwé ìbúra (affidavit). Orí ìwé máa ń parí pẹ̀lú "do hereby make oath and state as follows", ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan á wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "That": "1. That I am the secretary of the association." "2. That the drain collapsed." Ohun tó fà á ni pé "state" tó wà lókè yẹn ni gbogbo ìpínrọ̀ so mọ́, bí ẹni ń kọ "state that" lẹ́ẹ̀kan tó wá pín in sí ogún. Evidence Act 2011, òfin ẹ̀rí ní Nàìjíríà, béèrè pé kí ìbúra jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń búra fúnra ẹ̀, kí ó sì pín sí ìpínrọ̀ onínọ́ńbà tó tẹ̀ léra. "That" ò sí nínú ohun tó béèrè; àṣà ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣà, ẹ bá a dé ilẹ̀. Èyí tó ń dà á rú ni kí ìpínrọ̀ 1 sí 5 ní "That", kí 6 má ní, kí 7 tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "And that". Kò sí "And that" níbẹ̀, nọ́ńbà ti ṣe iṣẹ́ "and".

Ẹni tó bá ń tẹ ìwé ilẹ̀ náà, ẹ gbọ́ o. "ALL THAT piece or parcel of land lying, being and situate at..." "That" tibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsopọ̀ rárá. Ó ń tọ́ka sí ilẹ̀ ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Títẹ̀wé Pánṣẹ́kẹ́

Akọ̀wé Kóòtù, ẹ kú orí ire, torí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló máa ń ní "ẹ bá mi pa gbogbo that inú ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà". Kì í ṣe iṣẹ́ Replace All láéláé. Bí a ṣe ń ṣe é nínú Word rèé: tẹ Ctrl+H, kí o tẹ More, mú "Find whole words only" kó má baà máa dúró lórí "thatch" tó bá jẹ́ ìwé ilé kíkọ́ ni. Kọ "that" sójú ibi Find, má kọ nǹkan kan sójú Replace, kí o wá máa tẹ Find Next lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tó bá dúró, ka gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ "that day", "that land", "after that", kọjá. Tó bá jẹ́ "the contractor that built it", kọjá, torí olùwà ni, bí o bá yọ ọ́ gbólóhùn á wó. Tó bá jẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, ṣe ìdánwò ìbòwọ́ tí Tíṣà sọ. Tó bá kùnà ìdánwò, fi sílẹ̀. Tó bá yege, kí ìwọ àti oníwèé pinnu. Bí ẹ bá sì pa á rẹ́, ààyè méjì lè ṣẹ́ kù láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ wá ààyè méjì kí ẹ fi ọ̀kan rọ́pò ẹ̀ kẹ́yìn.

Ohun tó ń fi ilà búlúù tàbí pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ kò mọ ọjọ́ Ajé tí ẹnjiníà sọ̀rọ̀. Ó lè ní kí ẹ yọ "that" torí kí gbólóhùn kúrú. Ẹ má kàn máa tẹ Accept.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya bàrà díẹ̀. Wọ́n ní àkójá (abstract) iṣẹ́ ìwádìí mi ò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 250 lọ, mo ti dé 268. Ṣé mo lè yọ "that" láti fi dín in kù? Ó tó mẹ́sàn-án níbẹ̀.

Tíṣà Ìbarà

Má fọwọ́ kan àwọn tó wà lẹ́yìn found, showed, indicated, revealed. "The results showed the soils treated with poultry manure retained more water" ti ṣi èèyàn lọ́nà: showed the soils, wọ́n gbé ilẹ̀ hàn? Fi "that" sí i. Gbogbo mẹ́sàn-án tí o bá tiẹ̀ yọ ò ní gbé ọ 268 dé 250.

Ibòmíì ni ọ̀rá wà. "Due to the fact that" jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún. "Because" jẹ́ ọ̀kan. "In spite of the fact that" jẹ́ mẹ́fà. "Although" jẹ́ ọ̀kan. "It should be noted that" jẹ́ márùn-ún, òdo ló sì yẹ kó jẹ́. "In order to" mẹ́ta, "to" ọ̀kan. Ka àkójá rẹ fún mẹ́rin yìí: bí o bá rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún ti kúrò. Méjì tó kù, wàá rí i.

Àmọ́ "the fact that" fúnra ẹ̀, tí o bá nílò ẹ̀ lóòótọ́, "that" ibẹ̀ kì í yọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ bíi fact, claim, belief, evidence, report ò lè gbé gbólóhùn láìsí "that". Wo "the claim the treasurer made": ẹ̀sùn tí akápò mú wá. "The claim that the treasurer made the payment": ẹ̀sùn pé akápò ló san owó. Nínú ti àkọ́kọ́, akápò ló mú ẹ̀sùn wá; nínú ti kejì, òun ni ẹ̀sùn dá lé lórí.

Oníròyìn Kútọ̀

Ẹ má gbàgbé ti "tí a ṣe, tí a fi ránṣẹ́", ìyẹn "that" tàbí "which" tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ. Títẹ̀wé ti fẹnu bà á. Bí ọ̀rọ̀ tó kàn bá ti ní olùwà tiẹ̀, yíyọ ò burú: "the form we submitted" dára gan-an nínú lẹ́tà. Bí "that" fúnra ẹ̀ bá jẹ́ olùwà, kò ṣeé yọ: "the form that was rejected". Lẹ́yìn kọ́mà, "which" ni, kò sì ṣeé yọ: "the form, which we submitted in March". Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn ọ̀rọ̀ atọ́kùn: "the office to which we reported".

Ibi tó ti yẹ kéèyàn fi sílẹ̀ bó tilẹ̀ ṣeé yọ ni ibi tí olùwà méjì bá ti fẹ́ forí gbárí. "The land the family the court named sold." Ọ̀rọ̀ orúkọ mẹ́ta ti tò kí ọ̀rọ̀ ìṣe kan tó yọjú. "The land that was sold by the family which the court named" gùn jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé èèyàn. Ẹni tó ń kọ ìwé ìdílé ní Abẹ́òkúta wa yìí, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn láti 1859, kò yẹ kó kọ ti àkọ́kọ́ yẹn.

Akọ̀wé Kóòtù

Nọ́ńbà 5 kò gba àkókò. "Or not" ń ṣiṣẹ́ níbi tí "whether" bá túmọ̀ sí "yálà ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, kò yí nǹkan padà". "The levy is due whether or not the meeting holds": ibí ò ṣeé yọ. Níbi tí ẹ kàn ti ń sọ pé ẹ ò mọ̀, "We do not know whether the transformer will be replaced" ti tó. Ìdánwò ẹ̀: ẹ fi "regardless of whether" rọ́pò. Tó bá wọlé, "or not" dúró. Tí kò bá wọlé, ó lọ.

Ẹ má sì fi "if" rọ́pò "whether" nínú ìbéèrè ìwé. "Let us know if the council needs receipts" lè túmọ̀ sí pé kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé kí wọ́n dákẹ́ bí wọn ò bá nílò ẹ̀. "Whether" ń fi dandan gba ìdáhùn.

"And/or" náà, pàápàá nínú lẹ́tà sí báńkì nípa ẹni tó máa fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. "The chairman and/or the treasurer shall sign": ṣé ọ̀kan tó, àbí méjèèjì ni dandan? Báńkì á gbà á bó ṣe wù ú. Ẹ kọ ọ́ gbangba: "any two of the chairman, the treasurer and the secretary".

Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan kékeré báyìí ò ń gbówó, kó lọ wo ẹjọ́ àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ mílíìkì Oakhurst Dairy ní Maine, ní Amẹ́ríkà. Kọ́mà kan tí kò sí ṣáájú "or" nínú òfin owó àfikún-iṣẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè fún àwọn awakọ̀ ní 2017, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà ní 2018 láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là láti fi parí ẹ̀.

Mọ́mì Aké

Nọ́ńbà 6 ni kẹ́yìn. "Although" àti "but" kì í jọ gbé gbólóhùn kan. Bí a ṣe ń sọ "bó tilẹ̀ jẹ́ pé... síbẹ̀" lẹ́nu ló ń wọ inú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan: "Although we have written three times, no reply has been received", tàbí "We have written three times, but no reply has been received." Èmi á mú ti kejì, torí ó gbé ẹ̀sùn náà sí iwájú. "Because... so" àti "Since... therefore" wà nínú ẹbí kan náà, ẹ yọ èkejì. "If... then" nìkan la gbà láàyè, tí ohun tó wà láàárín bá gùn, bí ó bá kúrú, "then" ò nílò àtiwà.

"So that" náà: níbi tí ẹ bá ń sọ ìdí tí ẹ fi ṣe nǹkan, ẹ fi "that" sí i. "We attach a sketch so that the engineer can locate the drain." Bí ẹ bá fi kọ́mà síbẹ̀ tí ẹ yọ "that", ó di àbájáde: "We attached a sketch, so the engineer located the drain." Kọ́mà àti "that" ni wọ́n ń fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. "That" inú "in that" àti "in order that" kò ṣeé yọ bó ti wù kó rí.

Akọ̀wé CDA, Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ ò ní ṣe é tì. Bó ṣe wá rí nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"The drain at the junction has collapsed. The engineer said on Monday that the repair would begin, but no work has been done. The residents understand that the contract has expired. The chairman stated that the levy had been paid. The receipts are attached. We do not know whether the transformer will be replaced. We have written three times, but no reply has been received. We therefore request that the council clears the drain and replaces the slab before the rains."

Mọ́mì Aké

"Clear" àti "replace", akọ̀wé. Ẹ yọ "s" nídìí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ "but" ti wà níbi méjì láàárín ìpínrọ̀ kan, ẹ fi gbólóhùn oní-"Although" tí mo kọ́kọ́ kọ lókè rọ́pò gbólóhùn tí "but" kejì wà nínú ẹ̀ kó má baà dún léraléra. Kí ẹ sì kọ iye rìsíìtì tí ẹ so mọ́ ọn sábẹ́ ìbuwọ́lùwé, kí wọ́n má baà ní ọ̀kan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn.